Wúrà inú àyẹ̀wò ibà àti fàdákà inú ìkòkò omi: èwo ni ó ń pẹ́, èwo ni ó ń tán?

Nínú àwọn ilé ìtajà òògùn ní Tudun Wada, ìlú Zaria ní ìpínlẹ̀ Kaduna, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ènìyàn lè fi owó tí kò pọ̀ ra ohun tí wúrà wà nínú rẹ̀. Ohun náà ni ike pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ nínú wọn, wúrà ni ó ń fún ìlà tí ó máa ń yọ lójú ike náà ní àwọ̀ pupa, wúrà tí a ti sọ di hóró tí ojú lásán kò lè rí.

Fàdákà náà kò gbẹ́yìn nínú ètò ìlera. Ó wà nínú báńdéèjì tí wọ́n fi ń di ojú ọgbẹ́ iná. Ó wà lára ìkòkò amọ̀ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi mímu. Ó sì wà nínú àwọn omi inú ìgò kan tí àwọn oníṣòwò ń polówó gẹ́gẹ́ bí òògùn gbogboǹṣe.

Ìbéèrè kan ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń bi ara wọn lórí àwọn irin kéékèèké wọ̀nyí: báwo ni wọn yóò ti pẹ́ tó kí wọ́n tó dípẹtà, tàbí kí wọ́n tó tú dànù? Ìdáhùn rẹ̀ kan olúkúlùkù tí ó ń mu omi kànga, tí ó sì ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ibà. Wúrà ń ṣiṣẹ́ nítorí pé kì í bàjẹ́. Fàdákà ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nítorí pé ó ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè fi èkíní pamọ́ sí ibi tí kò yẹ, ó sì lè gbẹ́kẹ̀ lé èkejì kọjá àkókò rẹ̀.

Hóró tí ó kéré ju kíkéré lọ

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń fi nánò-mítà wọn àwọn ohun tí ó kéré gan-an. Bí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ìpín kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni nánò-mítà kan. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí 80,000 sí 100,000 nánò-mítà. Hóró wúrà tí wọ́n sábà máa ń lò nínú àyẹ̀wò ibà tó nǹkan bí 40 nánò-mítà péré. Èyí ni pé a lè to 2,000 irú hóró bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n tó fẹ̀ tó irun orí kan. Irú hóró báyìí ni a ó máa pè ní hóró nánò nínú àlàyé yìí.

Àwọn àgbà Yorùbá ní abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni hóró nánò rí. Kíkéré rẹ̀ ni agbára rẹ̀, òun kan náà sì ni àìlera rẹ̀. Bí a bá mú fàdákà kan tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo ojú rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ àti omi lè kàn kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 níbùú-lóròó lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá gé fàdákà kan náà sí ègé wẹ́wẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ nánò-mítà 10 ní ìhà gbogbo, àpapọ̀ ojú wọn yóò di 600 mítà níbùú-lóròó. Èyí ju plọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 lọ. Fàdákà náà kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ojú tí omi àti afẹ́fẹ́ fi lè bá a jà ti di ìlọ́po mílíọ̀nù kan.

Ẹni tí ó bá ti po ṣúgà mọ́ ògì rí yóò lóye ọ̀rọ̀ yìí. Ṣúgà onígun máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yọ́, ṣùgbọ́n ṣúgà tí ó kúnná máa ń yọ́ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìdí nìyí tí òrùka fàdákà fi lè pẹ́ lọ́wọ́ ìyá kí ó sì di ogún ọmọ, nígbà tí hóró nánò fàdákà lè tú tán nínú omi láàárín ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Ìdí tí fàdákà fi ń pa kòkòrò àrùn

Gbogbo ẹni tí ó ní ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà ni ó mọ̀ pé ó máa ń dúdú bí ó bá pẹ́. Ohun tí ó fa dídúdú náà ni imí ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́, nínú òógùn ara àti nínú àwọn oúnjẹ bí ẹyin. Fàdákà fẹ́ràn imí ọjọ́ gidigidi, bí wọ́n bá sì ti pàdé, wọ́n á so pọ̀.

Ìfẹ́ yìí kan náà ni ó sọ fàdákà di ọ̀tá kòkòrò àrùn. Nígbà tí hóró nánò fàdákà bá wà nínú omi, ọ́síjìn tí ó wà nínú omi náà yóò máa ṣí átọ́ọ̀mù ojú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Átọ́ọ̀mù tí ó bá ṣí kúrò báyìí yóò pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, yóò sì di ohun tí wọ́n ń pè ní áyọ́ọ̀nì fàdákà. Áyọ́ọ̀nì yìí ni ó ń wá imí ọjọ́ kiri. Bí ó bá kan bakitéríà, yóò rí imí ọjọ́ nínú àwọn èròjà purotéènì tí ó gbé ara bakitéríà náà ró. Yóò lẹ̀ mọ́ wọn, yóò sì da iṣẹ́ wọn rú títí bakitéríà náà yóò fi kú.

Ní ọdún 2012, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà gbé èsì ìwádìí kan jáde tí ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Wọ́n fi hóró nánò fàdákà sí àárín bakitéríà ní ibi tí kò sí ọ́síjìn rárá. Níwọ̀n bí kò ti sí ọ́síjìn, fàdákà náà kò lè dípẹtà, kò sì tú áyọ́ọ̀nì sílẹ̀. Wọ́n rí i pé hóró fàdákà náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa bakitéríà náà lára. Ìyẹn ni pé ìpẹtà ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Fàdákà tí kò bá jẹrà kò lè wo nǹkan kan sàn.

A lè fi fàdákà wé ọṣẹ. Bí ọṣẹ bá ṣe ń fọ aṣọ ni ó ń tán lọ, ọṣẹ tí kò bá sì tán kò tíì fọ nǹkan kan. Nítorí náà, bí oníṣòwò kan bá sọ pé ohun èlò òun tí ó ní fàdákà ń pa kòkòrò àrùn, tí ó sì tún sọ pé fàdákà inú rẹ̀ kì í tán títí láé, ọ̀rọ̀ méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ papọ̀.

Àwọn oníṣègùn ti mọ ìwà fàdákà yìí tipẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1880, Carl Credé, oníṣègùn agbẹ̀bí ní ìlú Leipzig ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí í kán omi èròjà fàdákà sí ojú àwọn ọmọ tuntun kí àrùn àtọ̀sí tí ó wà lára ìyá má bàa fọ́ wọn lójú. Ní ọdún 1968 ni Charles Fox gbé ìpara fàdákà fún ọgbẹ́ iná jáde, èyí tí àwọn ilé ìwòsàn ṣì ń lò. Lóde òní, àwọn báńdéèjì kan wà tí wọ́n fi hóró nánò fàdákà bò. Àwọn kan nínú wọn wà fún ọjọ́ 3, àwọn mìíràn fún ọjọ́ 7. Àwọn tí ó ṣe wọ́n ti ṣírò iye àkókò tí fàdákà náà lè fi máa tú jáde, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀. Bí ọjọ́ náà bá pé, ó yẹ kí a pààrọ̀ báńdéèjì náà, ìbáà tilẹ̀ mọ́ lójú.

Omi mímu àti ìkòkò asẹ́mi

Tudun Wada wà lára àwọn àdúgbò ńlá tí ó para pọ̀ di ìlú Zaria òde òní, pẹ̀lú ìlú àtijọ́ tí odi yí ká, Sabon Gari tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, àti Samaru tí Yunifásítì Ahmadu Bello wà. Ní Tudun Wada yìí ni ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti yunifásítì náà wà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kó lọ sí Shika ní àwọn ọdún 2000. Odò Galma ni ó ń fún ilé iṣẹ́ omi ìlú náà ní omi, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti gbára lé kànga, kànga-dẹ̀rọ àti àwọn tí ó ń fi ọmọlanke gbé kẹ́ẹ̀gì omi kiri, àwọn tí èdè Hausa ń pè ní mai ruwa.

Omi kò lọ́tàá lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí a máa pa ènìyàn. Ní ọdún 2021, àjọ tí ó ń dènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, NCDC, kà ju 110,000 ènìyàn lọ tí a fura sí pé wọ́n ní àrùn onígbáméjì, nínú èyí tí ó ju 3,500 bá àrùn náà lọ. Àwọn ìpínlẹ̀ àríwá ni ó jìyà rẹ̀ jù lọ.

Ọ̀kan lára àwọn ọ̀nà tí wọ́n ti gbà gbógun ti irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ìkòkò asẹ́mi. Fernando Mazariegos, ọmọ orílẹ̀-èdè Guatemala, ni ó kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní ọdún 1981. Wọ́n á po amọ̀ mọ́ èèpo ìrẹsì tàbí èérún pákó tí a lọ̀, wọ́n á fi mọ ìkòkò, wọ́n á sì sun ún nínú iná. Èèpo náà yóò jóná, yóò sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀ nínú amọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi omi tí hóró fàdákà wà nínú rẹ̀ kun ìkòkò náà tinú-tòde. Wọ́n á gbé e sí ẹnu kẹ́ẹ̀gì tàbí bákẹ́ẹ̀tì tí ó ní ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, omi yóò sì máa kán sínú rẹ̀ ní nǹkan bí lítà 1 sí 3 ní wákàtí kan.

Ìkòkò yìí kò ṣàjèjì ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní ìlú Tamale ní àríwá Ghana, tí ojú ọjọ́ rẹ̀ jọ ti àríwá Nàìjíríà, ilé iṣẹ́ Pure Home Water ti ń ṣe ìpolongo ìkòkò asẹ́mi láti ọdún 2005 wá, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Susan Murcott, onímọ̀ ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà.

Àwọn tí ó ti ṣe ìwádìí lórí irú ìkòkò yìí rí i pé fàdákà tí ó ń bá omi jáde máa ń pọ̀ jù lọ ní ìgbà tí ìkòkò náà ṣì jẹ́ tuntun, lẹ́yìn náà ni yóò máa dínkù. Bí omi tí a ń dà sínú rẹ̀ ti rí ṣe pàtàkì púpọ̀. Omi tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, omi tí ó kan, tàbí omi tí ó kún fún ewé jíjẹrà lè yí ojú fàdákà padà, kí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ kí ó má lè ṣiṣẹ́ mọ́. Fífi ọwọ́ líle bó ìkòkò náà tún lè ṣí fàdákà ojú rẹ̀ kúrò.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ìkòkò náà ti di asán nígbà tí fàdákà bá dínkù. Àwọn ihò wínníwínní inú amọ̀ ni ó ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú bakitéríà àti ìdọ̀tí dúró. Iṣẹ́ fàdákà ni láti ran amọ̀ lọ́wọ́, kí kòkòrò àrùn má bàa fi ara ìkòkò náà ṣe ilé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ ìgbà tí fàdákà tán. Ìkòkò tí ó ti lo ọdún mẹ́ta àti èyí tí wọ́n rà lánàá lè jọra bí ìbejì. Pẹ̀lúpẹ̀lù, ìkòkò náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára lórí fáírọ́ọ̀sì, nítorí pé fáírọ́ọ̀sì kéré tó láti gba inú ihò náà kọjá.

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, yẹ gbogbo ẹ̀rí tí ó wà lórí fàdákà inú omi mímu wò. Àjọ náà kò fọwọ́ sí i pé kí a fi fàdákà nìkan ṣe ohun tí yóò máa pa kòkòrò àrùn inú omi. Ní ti ààbò ẹni tí ó ń mu omi náà, àjọ náà ti sọ tẹ́lẹ̀ pé fàdákà tí kò ju mílígíráàmù 0.1 nínú lítà omi kan kò lè pa ènìyàn lára.

Wúrà tí kì í dípẹtà

Ìwà wúrà yàtọ̀ pátápátá. Ọ́síjìn àti omi kò lè ṣí átọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò. Ní ọdún 1857, Michael Faraday, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, po hóró wúrà mọ́ omi ní London, omi náà sì pọ́n bí ọtí èso àjàrà. Àwọn ìgò kan nínú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà ní ilé Royal Institution ní ìlú náà, àwọ̀ wọn kò sì tíì parẹ́ lẹ́yìn ọdún tí ó ju 160 lọ. Èyí tí ó tún dàgbà jù ú lọ ni ife kan tí àwọn ará Róòmù fi gíláàsì ṣe ní nǹkan bí ọdún 1,600 sẹ́yìn, tí ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé British Museum. Hóró wúrà àti fàdákà wà nínú gíláàsì rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án láti òde, yóò ní àwọ̀ ewé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò pọ́n. Fàdákà inú rẹ̀ pàápàá kò bàjẹ́, nítorí pé gíláàsì kò jẹ́ kí omi àti afẹ́fẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àìdípẹtà yìí ni ó mú kí wọ́n yan wúrà fún àyẹ̀wò ojú ẹsẹ̀. Wọ́n á so èròjà kan tí ó dá kòkòrò ibà mọ̀ mọ́ ara hóró wúrà. Bí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn bá ní àmì kòkòrò ibà nínú, hóró wúrà yóò rọ̀ mọ́ àmì náà, wọn yóò jọ ṣàn lórí bébà inú ike, wọn yóò sì kó jọ síbi ìlà kan. Nígbà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró bá péjọ síbẹ̀, ojú yóò rí ìlà pupa. Ìlà kejì, tí ó máa ń yọ yálà ibà wà tàbí kò sí, ni ẹ̀rí pé ohun èlò náà ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré ní orílẹ̀-èdè yìí. Ìròyìn Àjọ Ìlera Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2022, nǹkan bí 27 nínú gbogbo 100 ènìyàn tí ibà ṣe ní àgbáyé ni ó wà ní Nàìjíríà. Láti ọdún 2010 sì ni àjọ náà ti ń rọ àwọn orílẹ̀-èdè pé kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní òògùn ibà.

Síbẹ̀, bí wúrà kò tilẹ̀ dípẹtà, ohun méjì lè ba àyẹ̀wò náà jẹ́. Èkíní ni pé hóró wúrà lè dì mọ́ ara wọn bí ògì tí ó díjú. Bí wọ́n bá ti dì báyìí, àwọ̀ pupa yóò di àwọ̀ àlùkò tàbí aró, wọn kò sì ní lè ṣàn lórí bébà mọ́. Èkejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù, ni pé ooru àti ọ̀rinrin lè ba èròjà tí a so mọ́ wúrà jẹ́. Wúrà yóò wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dá kòkòrò ibà mọ̀ mọ́. Aláìsàn tí ibà ń ṣe lè tipa bẹ́ẹ̀ gba èsì pé kò sí ibà lára rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ń ṣe ohun èlò yìí ni ó kọ ọ́ sára páálí pé kí ooru ibi ìpamọ́ má ṣe kọjá 30 tàbí 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní Zaria, ooru ọ̀sán a máa kọjá 35 ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Inú ọkọ̀ tí a tì pa sínú oòrùn lè kọjá 50. Nígbà tí òjò bá sì dé, ọ̀rinrin yóò rọ́pò ọ̀gbẹlẹ̀. Páálí tí ó bá jókòó sábẹ́ páànù tí kò ní àjà láti oṣù kejì títí di oṣù kẹjọ ti rí ìyà méjèèjì.

Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà lára àwọn tí ó ń wá ọ̀nà tí hóró fàdákà yóò fi pẹ́. Ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, LAUTECH, ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi àwọn ohun tí a máa ń dànù ṣe hóró nánò fàdákà. Ní ọdún 2016, wọ́n gbé ìwádìí jáde lórí hóró fàdákà tí wọ́n fi èèpo obì ṣe, èyí tí wọ́n ṣe lára èèpo kòkó, àti èyí tí wọ́n fi okùn aláǹtakùn ṣe. Wọ́n po èyí tí wọ́n fi èèpo obì ṣe mọ́ ọ̀dà ilé, wọ́n sì rí i pé ó ń dá kòkòrò àrùn dúró nínú ọ̀dà náà.

Àǹfààní irú ọ̀nà yìí ni pé àwọn èròjà inú èèpo náà máa ń yí hóró fàdákà ká bí ẹ̀wù. Ẹ̀wù yìí kì í jẹ́ kí wọ́n dì mọ́ ara wọn, ó sì ń dín ìyára tí wọ́n fi ń tú kù. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni ó gbà láti wọn ẹ̀wù náà. Bí ó bá tínrín jù, fàdákà yóò tètè tán. Bí ó bá nípọn jù, fàdákà yóò pẹ́, ṣùgbọ́n kò ní pa kòkòrò kankan. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tí ó ṣe dáadáa nínú yàrá ìwádìí láàárín ọjọ́ díẹ̀ ṣì ní láti fara da oòrùn, òjò àti ọyẹ́ fún ọdún púpọ̀ kí ó tó di ohun tí ará ìlú lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Fàdákà mímu àti ẹ̀kọ́ ọdún 2014

Ní oṣù keje ọdún 2014 ni àrùn Ebola wọ Nàìjíríà láti ìlú Èkó. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, nígbà tí ìbẹ̀rù gba gbogbo ìlú, wọ́n kéde pé òògùn kan tí wọ́n ń pè ní Nano Silver ń bọ̀ fún ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Kò pẹ́ tí àwọn aláṣẹ ìlera fi sọ pé òògùn náà kò kún ojú òṣùwọ̀n òfin tí ó de ìwádìí ìlera ní orílẹ̀-èdè yìí, wọn kò sì jẹ́ kí a lò ó. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àjọ FDA ti Amẹ́ríkà kọ ìwé ìkìlọ̀ lórí irú fàdákà bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń polówó fún Ebola.

Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè yìí ti bọ́. Ohun tí ó ṣẹ́gun àrùn náà ni títọpinpin gbogbo ẹni tí ó ti fara kan aláìsàn, yíya àwọn aláìsàn sọ́tọ̀, àti ìtọ́jú tí ó yẹ.

Ohun tí a ti ṣàlàyé lókè fi ìdí rẹ̀ hàn. Fàdákà tí ènìyàn bá mu yóò bá iyọ̀ pàdé nínú ara, yóò sì bá imí ọjọ́ pàdé nínú àwọn purotéènì ara kí ó tó dé ibi tí fáírọ́ọ̀sì wà. Apá kan rẹ̀ yóò lọ dì sábẹ́ awọ ara. Bí ó bá pọ̀ jù, awọ ẹni náà yóò di aláwọ̀ eérú tàbí aró, kì í sì í padà sí bí ó ti rí mọ́. Láti ọdún 1999 ni àjọ FDA ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé fàdákà mímu ń wo àìsàn kankan.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra ohun èlò àyẹ̀wò ibà ní láti wo ọjọ́ tí àkókò rẹ̀ yóò parí, kí ó sì wo ibi tí olùtà kó o sí. Ibi tí ó tutù, tí ó gbẹ, tí oòrùn kò dé ni ó yẹ ẹ́. Kò sì yẹ kí ó wà níbi tí yóò ti dì bíi yìnyín. Inú àpò ọ̀rá rẹ̀ ni àpò kékeré kan wà tí ó ń fa ọ̀rinrin. Bí ó bá ti yí àwọ̀ padà, tàbí tí àpò ọ̀rá náà ti lu, kí a má ṣe lò ó. Ìgbà tí a bá fẹ́ lò ó gan-an ni kí a tó ya á. Àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ ni kí a fi ka èsì rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Bí ìlà ẹ̀rí kò bá yọ, kò sí èsì níbẹ̀, kí a tún òmíràn ṣe. Bí ara ọmọ bá sì ń gbóná síbẹ̀ lẹ́yìn tí àyẹ̀wò ní kò sí ibà, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Ní ti omi, híhó ṣì ni ọ̀nà tí ó dájú jù lọ. Bí omi bá ti hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, kòkòrò àrùn inú rẹ̀ ti kú. Ẹni tí owó gáàsì tàbí èédú kò bá ká lè lo èròjà kilorín tí wọ́n ń tà fún omi mímu, gẹ́gẹ́ bí ìwé rẹ̀ ti là á kalẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ìkòkò asẹ́mi kò gbọdọ̀ fi ọṣẹ tàbí ohun líle bó ó, búrọ́ọ̀ṣì tí ó rọ̀ àti omi mímọ́ ti tó. Bí ó bá sán, ó ti parí iṣẹ́. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó tà á fún un nípa ọdún tí ó yẹ kí a pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tí ó rà á sára bákẹ́ẹ̀tì náà.

Ẹni tí wọ́n bá fi báńdéèjì fàdákà di ọgbẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì dá. Ní ti fàdákà inú ìgò tí wọ́n ní kí ènìyàn máa mu fún gbogbo àìsàn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe náwó sí i.

Fún ohunkóhun tí wọ́n bá sọ pé fàdákà wà nínú rẹ̀, yálà aṣọ, ọ̀dà, ike omi tàbí òògùn, ìbéèrè kan ni ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ bi olùtà: ìgbà wo ni yóò tán? Bí olùtà kò bá lè dáhùn, kò tíì mọ ohun tí ó ń tà.